Ife Onípele Tí Kò Ní Èèwọ̀: Ẹ Jẹ́ Kí A Máa Ṣe É Nílé

Láti oṣù kẹta títí di oṣù karùn-ún, kí òjò tó dé, ooru Kánò a máa tó nǹkan bí 40 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́ńtígíréèdì. Ní irú àsìkò bẹ́ẹ̀, ta ni kò ní fẹ́ kí nǹkan tútù kan òun lẹ́nu lẹ́yìn oúnjẹ? Ìdí nìyí tí ife onípele fi gbòde láàrin àwa akẹ́kọ̀ọ́. Ohun tí à ń sọ náà ni àwọn tó ń tà á ń pè ní parfait: yógọ́ọ̀tì funfun nísàlẹ̀, èso gígé lórí rẹ̀, nǹkan gbígbẹ tó ń dún kàràkàrà lẹ́nu, yógọ́ọ̀tì mìíràn lórí ìyẹn, títí ife oníke yóò fi kún. Èdè Faransé ni orúkọ náà, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni "ohun tó pé". Ìbéèrè wa ni pé, ṣé ó pé lóòótọ́ nígbà tí díẹ̀ nínú àwọn tó jókòó sí àpèjẹ wa kò lè fẹnu kàn án?

Èrò tí a fẹ́ gbé síwájú yín kò ju méjì lọ. Èkíní ni pé kí ẹgbẹ́ wa dẹ́kun ríra adùn ẹ̀yìn oúnjẹ tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, kí a máa fi ọwọ́ ara wa ṣe é nílé. Èkejì ni pé bí a bá máa ṣe é, kí a má fi ohunkóhun tó wá láti ara ẹran pípa sí i. A mọ̀ pé àwọn kan yóò ní ọ̀rọ̀ ikùn ni èyí, pé kò yẹ kí ó gba ojú ìwé nínú ìwé ìròyìn ẹgbẹ́. Ẹ fi sùúrù kà á dé òpin.

Ta ni ń jókòó sí àpèjẹ wa?

Ọdún 1911 ni ọkọ̀ ojú irin dé Kánò. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ìjọba àwọn òyìnbó ya ilẹ̀ kan sọ́tọ̀ lẹ́yìn odi ìlú fún àwọn àlejò tí ọkọ̀ náà ń kó wá: Yorùbá, Ìgbò, àwọn ará Gánà, àwọn ará Sàró àti ọ̀pọ̀ ẹ̀yà mìíràn. Ilẹ̀ náà ni a mọ̀ sí Sabon Gari lónìí, ìtumọ̀ rẹ̀ lédè Hausa sì ni Ìlú Tuntun. Bí Kánò ṣe ní Sabon Gari tiwa náà ni Ìbàdàn ní Sábó tirẹ̀, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1916 fún àwọn Hausa. Orúkọ kan náà ni, àlejò ló yàtọ̀.

Ìtàn àdúgbò yìí kì í ṣe kìkì ẹ̀rín. Àwọn àgbà kò gbàgbé rògbòdìyàn oṣù karùn-ún ọdún 1953, wọn kò gbàgbé 1966, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò gbàgbé oṣù kẹwàá ọdún 1991. A kò sọ pé ife yógọ́ọ̀tì kan lè dá ìjà dúró; ọ̀rọ̀ òmùgọ̀ ni ìyẹn yóò jẹ́. Ohun tí à ń sọ ni pé ibi tí ènìyàn oríṣìíríṣìí ń gbé pọ̀ báyìí, ohun kékeré tó ń mú kí wọ́n jọ jókòó jọ jẹun kì í ṣe ohun kékeré mọ́.

Ẹ wo inú ẹgbẹ́ wa náà. Yorùbá ni gbogbo wa, ṣùgbọ́n ọ̀nà wa kò jọra. Mùsùlùmí wà nínú wa tí kò ní jẹ ohun tó bá ń fura sí pé ẹlẹ́dẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ọmọ ìjọ Adventist wà, ìjọ tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í jẹ ẹran rárá. Ọmọ Kátólíìkì wà tí kì í jẹ ẹran lọ́jọ́ Ẹtì nígbà Lẹ́ńtì. Ẹni tí ìdílé tàbí òrìṣà ilé rẹ̀ ti ka ẹran kan léèwọ̀ fún wà. Ẹni tó kàn pinnu fúnra rẹ̀ pé òun kò jẹ ẹran mọ́ náà wà. Gbogbo wọn ló ń san owó ẹgbẹ́ bákan náà. Nígbà tí a bá wá pín ife, ọ̀kan nínú wọn a gbà á, a wò ó, a sì rọra gbé e fún ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àwọn baba wa ti sọ ọ́ pé àjọjẹ kò dùn bí ẹnìkan kò bá ní.

Ohun tó ń mú nǹkan dì

Ẹnìkan lè béèrè pé, níbo ni ẹran ti wọ inú yógọ́ọ̀tì àti èso? Ìdáhùn rẹ̀ ni jẹ́látììnì. Ẹni tó bá ti se ẹsẹ̀ màlúù rí mọ̀ pé bí omi rẹ̀ bá tutù mọ́jú, yóò dì gbagidi bí ohun tí wọ́n da oògùn sí. Ohun kan náà ni àwọn iléeṣẹ́ ń ṣe: wọ́n ń se awọ, egungun àti iṣan màlúù tàbí ẹlẹ́dẹ̀, wọ́n ń fa ohun tó ń dì yìí jáde, wọ́n ń gbẹ ẹ́, wọ́n sì ń lọ̀ ọ́ di lẹ́búlẹ́bú. Kò lóòórùn, kò sì ní adùn tirẹ̀, nítorí náà ahọ́n kò lè dá a mọ̀. Òun ló ń mú jẹ́lì dì, òun ni wọ́n ń fi sí àwọn yógọ́ọ̀tì kan kí ó lè ki, òun ló sì wà nínú àwọn súìtì tó ń fà lẹ́nu. Ti ẹja náà wà, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo páálí ló ń sọ èyí tí wọ́n lò.

Nítorí náà, ẹ máa ka ara páálí kí ẹ tó rà. Bí ẹ bá rí "gelatin", tàbí E441 tí àwọn kan ṣì ń kọ dípò rẹ̀, ara ẹran ló ti wá. Bí ẹ bá rí E120 lára nǹkan pupa, kòkòrò ni wọ́n lọ̀ láti rí àwọ̀ náà. Ṣùgbọ́n inú ife tí ẹnìkan kó nǹkan sí, tó dé, tó wá gbé jáde fún títà, kò sí páálí tí a óò kà. Ẹni tó ń tà á gan-an lè má mọ̀, nítorí inú ike ńlá ni òun náà ti bu yógọ́ọ̀tì rẹ̀. A kò bú ẹnikẹ́ni. Ohun tí à ń sọ ni pé ẹni tó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é nìkan ló lè búra nípa ohun tó wà nínú rẹ̀.

Ẹ̀kọ ti ṣe é ṣáájú wọn

Ṣé dandan ni egungun kí nǹkan tó lè dì? Rárá o! Àwa Yorùbá gan-an ló yẹ kí ó kọ́kọ́ dáhùn bẹ́ẹ̀. Kí ni ó ń mú ẹ̀kọ dì nínú ewé? Àgbàdo lásán ni. Bí ògì bá bọ́ sínú omi gbígbóná, àwọn hóró kéékèèké inú rẹ̀ yóò mu omi, wọn yóò wú, wọn yóò sì bẹ́. Ìyẹn ló ń mú kí ó ki lórí iná. Bí ó bá tutù, ohun tó jáde láti inú àwọn hóró náà yóò so mọ́ ara wọn, yóò sì há omi mọ́ àárín. Ìyẹn ló ń mú kí ẹ̀kọ dúró gbọn-in nígbà tí a bá ṣí ewé lára rẹ̀. Àwọn ìyá wa ti ń ṣe ohun dídì tí kò ní ẹran tipẹ́tipẹ́.

Kọ́sítáàdì tí à ń rà nínú agolo kò yàtọ̀ sí i. Ní 1837, apòògùn kan ní Birmingham, Alfred Bird, ní ìyàwó tí ẹyin kò bá lára mu. Ẹyin sì ni àwọn òyìnbó fi ń ṣe kọ́sítáàdì nígbà náà. Bird wá fi ìyẹ̀fun àgbàdo ṣe tirẹ̀ kí ìyàwó rẹ̀ lè jẹ nínú rẹ̀. Ẹ kíyè sí i: nítorí ẹnì kan ṣoṣo tí kò lè jẹ ohun tí àwọn yòókù ń jẹ ni kọ́sítáàdì inú agolo ṣe dé ayé. Bí ọkùnrin kan bá lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún ìyàwó rẹ̀, ṣé ẹgbẹ́ kan kò lè ṣe é fún ọmọ ẹgbẹ́?

Ọ̀nà mìíràn tún wà. Ágà, tí wọ́n ń fa jáde láti inú ewéko òkun, ń dì ju jẹ́látììnì lọ. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sáyẹ́ǹsì mọ̀ ọ́n, nítorí orí rẹ̀ ni wọ́n ti ń dá kòkòrò àìfojúrí sìn. (Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má lọ bu ti yàrá àyẹ̀wò wá sínú ife wa, ti jíjẹ yàtọ̀.) Ṣùgbọ́n àgbàdo wà nítòsí, owó rẹ̀ sì kéré.

Àǹfààní kan tún wà tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀. Ọ̀pẹ̀ òyìnbó tútù àti ìbẹ́pẹ ní èròjà kan tó ń fọ́ purotéènì wẹ́wẹ́. Ìdí nìyí tí ewé àti èso ìbẹ́pẹ fi ń mú ẹran líle rọ̀. Jẹ́látììnì jẹ́ purotéènì, nítorí náà bí ẹ bá da ọ̀pẹ̀ òyìnbó tútù sí i, kò ní dì títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Ohun tí àgbàdo fi ń dì kì í ṣe purotéènì, èròjà náà kò sì rí i ṣe. A jẹ́ pé ohun tí àwọn ìyá wa fi ń ṣe ẹ̀kọ bá èso ilẹ̀ wa mu ju egungun lọ.

Bí a ṣe ń ṣe é

Ìwọ̀n tí a kọ sísàlẹ̀ yìí yóò kún ife 12. Bí ènìyàn bá jẹ́ 60, kí ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 5.

Yógọ́ọ̀tì ni a óò kọ́kọ́ ṣe, ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Ẹ po gíráàmù 150 wàrà oníyẹ̀fun mọ́ lítà omi kan, ẹ gbé e kaná títí yóò fi fẹ́ hó, kí ẹ sì sọ̀ ọ́. Ẹ jẹ́ kí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ìka tí a fọ̀ mọ́ lè wà nínú rẹ̀ títí a ó fi ka ení dé ẹẹ́wàá láìta wá. Bí ó bá gbóná ju bẹ́ẹ̀ lọ, yóò pa ohun tó fẹ́ sọ ọ́ di yógọ́ọ̀tì. Bí ó bá tutù jù, kò ní ṣiṣẹ́. Ẹ wá ro ṣíbí ńlá 3 yógọ́ọ̀tì tí kò ní ṣúgà, tí kò sì ní jẹ́látììnì, mọ́ ọn. Ẹ dé e, ẹ fi aṣọ ìbora wé e, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ fún wákàtí 6 sí 8. Lásìkò ooru Kánò, 5 lè tó. Bí ó bá ti dì, ẹ gbé e sínú òtútù. Bí ó bá ṣàn jù, ẹ dà á sínú aṣọ funfun mímọ́ kí omi rẹ̀ ro díẹ̀.

Kọ́sítáàdì ló kàn, ní òwúrọ̀. Ẹ fi ìdá kan nínú márùn-ún lítà omi tútù po gíráàmù 100 kọ́sítáàdì pọ̀ mọ́ ṣíbí 4 wàrà àti ṣíbí 4 ṣúgà. Ẹ da ìdá mẹ́rin tó kù sínú rẹ̀ ní híhó, ẹ gbé e padà sórí iná kékeré, ẹ sì máa rò ó fún ìṣẹ́jú 2 tàbí 3 kí ó má baà ní kókó. Ẹni tó bá fẹ́ lo ògì tó dára, tí kò kan, lè lò ó. Ẹ pín in sínú ife 12 nígbà tó ṣì gbóná, kí ẹ jẹ́ kí ó tutù, kí ó sì dì. Ẹ má yára da yógọ́ọ̀tì lé e. Bí ìsàlẹ̀ kò bá tíì dì, méjèèjì yóò dàpọ̀, ìpele kò sì ní sí mọ́.

Ohun gbígbẹ àárín ni ibi tí Kánò ti ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀ láti sọ. Dípò bisikíìtì tí a kò mọ irú ọ̀rá tó wà nínú rẹ̀, ẹ lo fúrá. Jéró ni wọ́n fi ń ṣe é, pẹ̀lú atalẹ̀ àti kànnáfùrù. Nítorí pé ọwọ́ ni wọ́n fi ń ṣù ú lẹ́yìn tó bá jinná, ẹ tún fi ooru omi híhó se é lẹ́ẹ̀kan sí i, ẹ jẹ́ kí ó tutù, kí ẹ sì rún un wẹ́wẹ́. Ẹ yan àgbọn rírin díẹ̀ nínú ìkòkò gbígbẹ títí yóò fi pọ́n, kí ẹ dà á mọ́ ọn. Àwọn tó ń rò pé fúrá kò bá irú nǹkan yìí mu, ẹ béèrè ní Kútọnu àti Lomé: jéró sísè tí wọ́n dà pọ̀ mọ́ wàrà kíkan tútù, tí wọ́n ń pè ní dèguè, ni tàgbà tèwe ń mu níbẹ̀.

Èso ló kẹ́yìn. Máńgòrò 3, ọ̀pẹ̀ òyìnbó kékeré 1, àti dàbínù 24 yóò tó. Ẹ fọ̀ wọ́n kí ẹ tó bó wọn. Ọ̀pẹ̀ òyìnbó ni kí ẹ gé wẹ́wẹ́, kí ẹ sì se pẹ̀lú omi díẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú 5, nítorí èròjà tí a sọ lẹ́ẹ̀kan a máa mú kí wàrà korò. Iná ló ń pa á. Bí ẹ bá fẹ́ lo ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, ìgbà tí ẹ bá fẹ́ gbé e jáde ni kí ẹ gé e, kí ẹ sì fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i kí ó má baà dúdú.

Bí ó bá ku bíi wákàtí 1 kí a pín in, kí ẹ tò ó: kọ́sítáàdì tó ti dì wà nísàlẹ̀, ẹ da ṣíbí 2 fúrá lé e, ṣíbí 3 yógọ́ọ̀tì, ṣíbí 3 èso, ṣíbí 2 fúrá, ṣíbí 3 yógọ́ọ̀tì, kí ẹ sì fi dàbínù 2 tí a ti yọ kóró rẹ̀ dé e lórí. Ẹ má ṣe tò ó ní àná; fúrá yóò rọ̀ pátápátá.

Fún ẹni tí kò mu wàrà rárá, ẹ fi omi àgbọn rírin tó ki se kọ́sítáàdì tirẹ̀, kí ẹ sì fi omi ọ̀fíò tútù rọ́pò yógọ́ọ̀tì. Ṣúgà inú wàrà kì í dà dáadáa nínú ọ̀pọ̀ àgbàlagbà adúláwọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé yógọ́ọ̀tì sàn ju wàrà tútù lọ fún wọn, nítorí kíkan rẹ̀ ti jẹ díẹ̀ nínú ṣúgà náà.

Ọ̀rọ̀ òtútù

Ibi tí ìṣòro wà gan-an nìyí, a kò sì ní fi pamọ́. Bí iná mọ̀nàmọ́ná bá lọ, wàrà kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Inú fíríìjì tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa a máa tutù tó 4. Ohun tó ní wàrà nínú kò gbọdọ̀ pẹ́ ju wákàtí 2 lọ lẹ́yìn òde òtútù. Bí ooru ọjọ́ náà bá sì kọjá 32, wákàtí 1 péré ni. Ní Kánò, ẹ kúkú máa ka wákàtí 1 sí òfin. Ẹ ra yìnyín, ẹ kó o sínú kúlà, kí ẹ to àwọn ife sí àárín rẹ̀. Ẹ má ṣe fọ́ yìnyín sínú ife, nítorí a kò mọ omi tí wọ́n fi ṣe é.

Nípa èso, ọ̀nà tí kò gba iná wà. Mohammed Bah Abba, olùkọ́ kan tó jáde láti ìdílé amọ̀kòkò, ló gbé e kalẹ̀ ní 1995 ní ìpínlẹ̀ Jigawa, tí wọ́n yọ lára ìpínlẹ̀ Kánò ní 1991. Ìkòkò amọ̀ kékeré ni a óò gbé sínú ńlá, a óò fi yanrìn tútù dí àárín wọn, a óò sì fi aṣọ tútù bò ó. Bí omi inú yanrìn bá ṣe ń gbẹ lọ sínú afẹ́fẹ́, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa kó ooru inú ìkòkò lọ. Ìgbá tó ń bàjẹ́ lọ́jọ́ 3 lè lo ọjọ́ 27 nínú rẹ̀. Iṣẹ́ yìí gba ẹ̀bùn Rolex ní 2000. Ọ̀nà àmù tí ìyá àgbà fi ń mú omi tutù nìyẹn, ẹnìkan ló ronú sí i. Ó dára jù nígbà ọyẹ́ tí afẹ́fẹ́ gbẹ. Ṣùgbọ́n kò tutù tó fíríìjì o! Máńgòrò lè sùn níbẹ̀. Yógọ́ọ̀tì kò gbọdọ̀ sùn níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan lórí nónò: a kò bú àwọn ìyá Fúlàní tó ń kiri rẹ̀, ó dùn, ó sì ń ṣara lóore. Ṣùgbọ́n wàrà màlúù tí a kò sè lè gbé ikọ́ ẹ̀gbẹ àti ibà tí wọ́n ń pè ní brucellosis wọ ara ènìyàn. Fún ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ẹgbẹ́ ń bọ́, wàrà tó ti gba iná ni kí a lò.

Àwọn tó ń ta kò wá

Àwọn kan ní, "Yorùbá kì í jẹ adùn lẹ́yìn oúnjẹ, òyìnbó ni ẹ fẹ́ sọ wá dà." Ṣé òyìnbó ló kọ́ wa ní àádùn? Ṣé òyìnbó ló kó dòdò wá sí Ìkirè? Ta ni kò mọ agbálùmọ̀ nígbà rẹ̀, tàbí ọsàn bíbó lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán? Ife náà lè jẹ́ ti àjèjì, ohun inú rẹ̀ kì í ṣe àjèjì sí wa.

Àwọn mìíràn ní ríra rọrùn ju ṣíṣe lọ. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n jéró, dàbínù àti ọ̀fíò kò jìnnà sí wa, ìlú tí wọ́n ti ń ṣòwò wọn ni a wà. Àgbọn àti ọ̀pẹ̀ òyìnbó ń gun ọkọ̀ láti gúúsù wá bá wọn, gẹ́gẹ́ bí àwọn baba wa ṣe wá. Kí akápò ẹgbẹ́ gbé bírò, kí ó rìn yí ọjà Sabon Gari ká, kí ó ṣírò iye tí ife 60 yóò ná wa bí a bá ṣe é àti bí a bá rà á. Ìṣirò náà ni kí a fi ṣe ìpinnu, kì í ṣe ariwo.

Ẹ̀ka kẹta ló dùn wá jù: "Ẹni tó bá ní èèwọ̀, kí ó má jẹ ẹ́. Ta ló fi dandan mú un?" Kò sẹ́ni tó fi dandan mú un lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ta ló gba owó lọ́wọ́ rẹ̀? Ẹgbẹ́ ni. Bí ẹgbẹ́ bá gba owó ènìyàn 60 tó sì se oúnjẹ tí 45 lè jẹ, 15 ló ń bọ́ àwọn yòókù láìfẹ́. A kò ní kí ẹnikẹ́ni má jẹ ẹran. Kí ìrẹsì àti adìyẹ wà níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìṣe wa. Ohun tí à ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí ohun kan wà lórí tábìlì, ó kéré tán ẹyọ kan, tí gbogbo wa lè gbé láìbéèrè.

Ohun tí a fẹ́ kí ẹgbẹ́ ṣe

Ní àpèjẹ ìdágbére fún àwọn tó ń jáde lọ́dún yìí, kí a yan ènìyàn mẹ́fà, kí ọkùnrin jẹ́ mẹ́ta nínú wọn, nítorí kò sí ìwé tó sọ pé obìnrin nìkan ló mọ bí a ṣe ń ro kọ́sítáàdì. Kí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ife 12 dán an wò ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú. Kí wọ́n kọ ohun gbogbo tó wà nínú rẹ̀ sórí páálí ńlá, ní Yorùbá àti ní Hausa, pàápàá bí ẹ̀pà bá wà níbẹ̀, nítorí ẹ̀pà lè pa ẹni tí kò bá lára mu. Kí a sì gbé e ka iwájú tábìlì, níbi tí gbogbo ènìyàn yóò ti rí i.

Àǹfààní mìíràn wà nínú kíkọ yẹn. Ọ̀pọ̀ nínú wa tí wọ́n bí sí Sabon Gari mọ gero àti dabino lédè Hausa kí wọ́n tó mọ kànnáfùrù lédè baba wọn. Bí a bá jọ dúró ti ìkòkò, tí ẹnìkan ń ní "ẹ fi asẹ́ sẹ́ ẹ", tí òmíràn ń ní "ó ti fẹ́ dì", a ó kọ́ èdè níbẹ̀ ju bí a ṣe ń kọ́ ọ nínú ìdánwò lọ.

Bí ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ bá ní àbá tó sàn ju tiwa lọ, kí wọ́n gbé e wá sí ìpàdé tó ń bọ̀. Etí wa ṣí sílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí kò bá sí, a jẹ́ pé jéró ti wà lọ́jà, dàbínù ti wà lọ́jà, ọwọ́ wa sì wà lára wa. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ire o!